Igi Ọsàn Tó Wà Lẹ́yìn Màmá

Jámánì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú àìsùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín nídìí kọ̀ǹpútà tí mo wà yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé báyìí, wọ́n á rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi tí mò ń wá a.

Ràfátù, tó ń bá wa tẹ lẹ́tà mi jáde fún yín, ti fi lẹ́tà yín ránṣẹ́. Ó fi fóònù rẹ̀ yà á dáadáa, mo rí gbogbo rẹ̀ kà, títí kan ibi tí ẹ da tíì sí. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré fún àgbàlagbà láti gun ọ̀kadà láti Èsìẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán nítorí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí ni ká ti ṣe? Etí yín kò gbọ́ fóònù mọ́. Ahọ́n Màmá sì ti wúwo látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ yìí ti mú wọn lápá ọ̀tún. Níjọ́ tí mo pè wọ́n kẹ́yìn, ẹkún làwa méjèèjì sun, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń wí. Ká kúkú máa kọ̀wé.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òótọ́ pamọ́ fún mi. Ṣé kí n máa bọ̀ nílé báyìí? Wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ mẹ́fà ní ilé iná ńlá tí mo máa ń sọ fún yín, ibi tí wọ́n ti ń fi iná èkísírè ya àwòrán, láti ọjọ́ kejìdínlógún sí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kọkànlá. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọrọ rẹ̀. Bí mo bá pàdánù rẹ̀, mi ò ní rí òmíràn kí àkókò ẹ̀kọ́ mi tó tán. Ìwé ìgbélùú mi sì wà lọ́wọ́ wọn fún àtúnṣe. Bí mo bá jáde nísinsìnyí, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Ṣùgbọ́n Màmá kan ṣoṣo ni mo ní. Bí ẹ bá ní kí n wá, mo ń bọ̀, ilé iná ì báà jóná.

Ọmọ yín kan ṣoṣo,
Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí.


Èsìẹ́,
30/6/2024.

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Tíì tí o rí yẹn, èmi kọ́ ni mo dà á. Ológbò Fulera, ará ilé kejì wa, ló dà á. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá rẹ ń gbìyànjú. Ó ti ń fi ọwọ́ òsì jẹun, ó sì lè jókòó síwájú ilé fúnra rẹ̀ bí mo bá ti gbé àga síbẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ. Ayé ti dojú rú: èmi adití ilé ni mo di ògbufọ̀. Ètè rẹ̀ ni mo ń wò, mo sì ń rí i kà.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní ilé iná ì báà jóná, ó fi ọwọ́ òsì gbá mi lórúnkún bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́. Ó ní kí o dúró ti iṣẹ́ rẹ. Ó ní kí o máa jẹun. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó rán sí ọ nìyẹn.

Èmi náà ní tèmi láti sọ. Ọdún márùn-ún nìyí tí o ti lọ. Bí ará ìjọ bá bi mí pé kí lọmọ yín ń ṣe lọ́hùn-ún, mo máa ń ní ó ń ya fọ́tò. Wọ́n á wo ara wọn lójú. Alàgbà Timothy tilẹ̀ bi mí pé ṣé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò ní Ọ̀mù-Àrán ni tí ọmọ fi rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi nu eruku lára ère òkúta ní mùsíọ́ọ̀mù wa, mo sì lé ọ̀pọ̀ oníkámẹ́rà jáde níbẹ̀, torí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan. Ère máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ni kí wọ́n tó yà á. Kí ni ohun tí ìwọ ń yà tí o ní kò lè jókòó? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, má kọ gírámà.

Igi ọsàn tí ìyá rẹ gbìn sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ tí ò ń lọ ti ga ju òrùlé ilé ìdáná. Ó so lọ́dún yìí. Ó kan lẹ́nu díẹ̀, àmọ́ ó so.

Bàbá rẹ,
Jòhánù Ọlábọ̀dé.


Jámánì,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ bá mi gbá Màmá mọ́ra, kì í ṣe ti ẹnu o, ẹ gbá wọn mọ́ra gan-an.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé fún ènìyàn. Ó dáa, ẹ jókòó. Ṣé ẹ rántí òkòtó tí ẹ máa ń ta fún mi lórí simẹ́ńtì iwájú ilé? Bó bá ń yí, orí rẹ̀ á máa mì yíká, síbẹ̀ kò ní ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mò ń ṣe ṣe rí. Òòfà ni, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé bí ẹ bá to ẹgbẹ̀rin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí ìbú ẹyọ irun kan ni gbogbo wọn á jókòó sí. A ń rán iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá. Iná yẹn ló ń tì í, tí kò jẹ́ kó jókòó, tó fi ń yí bí òkòtó, ìgbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe ń yí bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ìgbì jáde bíi ti rédíò. Àwọn tó fẹ́ ṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà ọ̀la fẹ́ mọ bó ṣe ń yí, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti ń kọsẹ̀. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe yìí, ojú ẹnikẹ́ni kò tíì rí yíyí rẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí i. Ẹ sọ fún Alàgbà Timothy bẹ́ẹ̀.

Kò sí kámẹ́rà tó yára tó o. Ọgbọ́n la ń dá. Èkísírè ilé iná yẹn kì í tàn gbọnrangandan, ńṣe ló ń ṣẹ́jú. A ó mú kí ṣíṣẹ́jú rẹ̀ bá yíyí òòfà náà mu, kó máa bá a níbì kan náà nígbà gbogbo. Ìmọ́lẹ̀ ẹyọ kan kò já mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n a ó kó àìmọye bílíọ̀nù wọn jọ, àwòrán á wá jáde. Nítorí náà, ohun tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe ni kámẹ́rà wa ń rí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò lè rí i láéláé. A sì máa ń kọ́kọ́ ya ẹ̀yìn lásán, kí òòfà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ká lè mọ ohun tó jẹ́ ti ẹ̀yìn yàtọ̀ sí ohun tí à ń wá. Ọ̀gá mi máa ń pariwo mọ́ wa pé, "Ẹ wo ẹ̀yìn kí ẹ tó gba iwájú gbọ́!"

Ọ̀tá wa ni mímì. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá lójú títì, àwòrán lè bàjẹ́. Ilẹ̀ tí ẹ̀rọ náà dúró lé, wọ́n gé e kúrò lára ilẹ̀ ilé yòókù. Èmi náà ò gbọdọ̀ mì ní ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Ọwọ́ mi ni yóò máa wá òòfà náà rí kí ẹ̀rọ tó gbà á lọ́wọ́ mi. Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, ó parí nìyẹn, ọdún mẹ́ta wọgbó.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ni mò ń bọ̀. Ẹ ka ibí yìí fún Màmá lẹ́ẹ̀mẹta: mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, mò ń bọ̀. Títí dìgbà náà, ẹ máa kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì máa sọ bí wọ́n ṣe wà, dídára tàbí búburú.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí.


Èsìẹ́,
1/9/2024.

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ọmọ mi,

Àlàáfíà. Má bínú pé ó pẹ́. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọwọ́ mi sì dí nínú ilé.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ. Ohun tí o sọ nípa mímì yé e. Ó yé e ju bó ṣe yé èmi lọ.

Ará ìjọ ń ṣe dáadáa sí wa, wọ́n ń wá sílé. Fulera ń gbé oúnjẹ wá. Lánàá mo jókòó lábẹ́ igi ọsàn, níbi tí mo ti ń ka lẹ́tà rẹ fún un. Òjìji igi náà ti tó fún ẹni méjì.

Ìrora rẹ̀ ti lọ.

Ṣe iṣẹ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ sí ọ ni pé kí o máa jẹun.

Bàbá rẹ,
Jòhánù Ọlábọ̀dé.


Jámánì,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń ṣí fóònù wò lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà, nígbà tí ẹ wá kọ̀wé, ó kúrú bí ìkéde inú rédíò. Ẹni tó rí àyè gbèjà ara rẹ̀ lórí tíì, kò rí àyè sọ bóyá ìyá mi ti ń rìn.

Inú mi dùn pé ìrora ti lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ṣé ọwọ́ ọ̀tún ti ń gbé nǹkan? Ṣé wọ́n ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn lè gbọ́? Ẹ ò dáhùn ìkankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n máa fi ọkàn ara mi fa ìtàn.

Ohun kan ni mo ń tọrọ. Ẹ jẹ́ kí Ràfátù wá sí Èsìẹ́ lọ́jọ́ kan, kó fi fóònù rẹ̀ ya Màmá. Mo fẹ́ rí ojú wọn. Bí ẹnu wọn bá ṣì wọ́, kó wọ́ nínú fọ́tò, mi ò ní sunkún. Mo búra.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí.


Èsìẹ́,
13/10/2024.

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí ọmọ mi,

Àlàáfíà. Fọ́tò ìyá rẹ tí o béèrè nìyí, Ràfátù yóò fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Mo ti wa iṣu díẹ̀. Ó ta dáadáa lọ́dún yìí, àmọ́ mi ò ní ìfẹ́ sí oúnjẹ púpọ̀. Mo ti ní kí ìjọ fi ẹlòmíràn máa ka Bíbélì nígbà ìsìn. Ọdún kọkàndínlógún nìyí tí mo ti ń kà á, ó tó kí ẹlòmíràn gbà á. Ohùn mi kò dára mọ́.

Mi ò lè dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ. Ìwé kíkọ ń rẹ̀ mí. Nígbà tí o bá dé, a ó sọ̀rọ̀.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ lábẹ́ igi ọsàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ ni pé kí o máa jẹun.

Bàbá rẹ,
Jòhánù Ọlábọ̀dé.


Jámánì,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Bàbá mi, olówó orí Màmá mi,

Ẹ kú oríire! Mo pariwo nígbà tí mo ṣí fọ́tò náà, ọmọ Íńdíà tí a jọ wà ní yàrá iṣẹ́ sáré wá wò bóyá iná ló gbé mi. Ẹ wo Màmá! Ẹnu wọn kò wọ́ mọ́ rárá! Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ ọ̀tún di aṣọ mú! Mo ti ń fi ọkàn ro ẹni tó gbẹ tí ojú rẹ̀ sì jìn, àṣé ara wọn dá ju tèmi lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń bà mí lẹ́rù pẹ̀lú lẹ́tà oníkúkúrú.

Ẹ má fi Bíbélì kíkà sílẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà bíi yín nínú ìjọ yẹn. Alàgbà Timothy máa ń ka ìwé Jóòbù bí ẹni tó ń ka orúkọ ọmọ iléèwé.

Mo ti tẹ fọ́tò náà jáde. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ni màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo sì ṣàkíyèsí nǹkan kan tó pa mí lẹ́rìn-ín: lẹ́tà yín gbogbo ló gbé ọ̀rọ̀ Màmá kan náà, kí n máa jẹun, kí n máa jẹun. Níbí yìí, ohun tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe là ń gbà gbọ́. Ọkàn mi balẹ̀.

Mò ń jẹun o. Ẹ sọ fún wọn. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí.


Jámánì,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Bàbá,

Mi ò kí yín lónìí.

Ọjọ́ kẹrin wa nìyí. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀rọ ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, wákàtí mẹ́rin ló kù kó parí, mi ò sì ní ohun tí mo fẹ́ ṣe ju kí n jókòó. Mo wá ń wo fọ́tò Màmá. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń wò ó, ojú wọn nìkan ni mo ń wò. Lónìí mo wo ẹ̀yìn.

Igi ọsàn kan wà lẹ́yìn wọn. Kò ju orúnkún wọn lọ. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ yín tó kán ni ẹ fi gbè é kí atẹ́gùn má bàa wó o. Ẹ ti sọ fún mi pé igi yẹn ga ju òrùlé ilé ìdáná. Ẹ ní òjìji rẹ̀ tó ẹni méjì. Bàbá, ọjọ́ tí mò ń lọ ni wọ́n ya fọ́tò yìí, bí mi ò tilẹ̀ rí i rí. Ó ti pé ọdún márùn-ún.

Mo pe Ràfátù. Ó ní, "Bàbá ni yóò bá yín sọ ọ́, àǹtí mi." Ó bú sẹ́kún. Látìgbà náà kò gbé fóònù mi mọ́.

Níbo ni ìyá mi wà?

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí.


Èsìẹ́,
24/11/2024.

Ọmọ mi,

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ràfátù gbé lẹ́tà rẹ wá bá mi nílé. Mo ṣírò ọjọ́. Mo rí i pé ó ku ọjọ́ méjì nínú ọjọ́ mẹ́fà rẹ. Mo dúró kó pé. Èyí náà, kọ ọ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ìyá rẹ ti kú. Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ni, láàárọ̀. Àrùn náà padà wá, kò sì pẹ́. Mo ń fún un ní ẹ̀kọ mímu, ó gbé ọwọ́ òsì sókè bí ẹni pé ó yó, ó sì lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó lọ nígbà tí ó ní kí n tún ka ibi tí o ti sọ̀rọ̀ mímì fún òun. Mo kà á. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí n mì ín." Mo ní, Rúùtù, ọmọ yìí yóò bínú. Ó ní kó bínú, ṣùgbọ́n kó parí rẹ̀ ná. Ó ní kí n búra. Alàgbà ni mí, láyé mi mi ò búra rí. Mo búra fún un.

Ó wá ní kí o máa jẹun. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nípa rẹ nìyẹn. Mi ò dá a sílẹ̀. Mo kàn ń tún un kọ ni, nítorí kò fi òmíràn lé mi lọ́wọ́.

Abẹ́ igi ọsàn la sin ín sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń ka lẹ́tà rẹ fún un, mo sì ń ka gbogbo rẹ̀, títí kan ibi tí o ti bú mi. Bí o bá wo lẹ́tà mi dáadáa, wàá rí i pé mi ò kọ pé ó wà láàyè. Mo ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kọ bí ẹni tó ń rìn lórí afárá onígi. Mo rò pé bí mi ò bá kọ irọ́, mi ò parọ́. Ẹni tó jẹ́ adití kì í ṣe òpònú: mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ìdí tí mi ò fi lè dúró ka Bíbélì níwájú ìjọ mọ́ nìyẹn.

Àwọn ẹbí ní a kì í túfọ̀ fún ọmọ tó wà nídàálẹ̀, à ń dúró kó wálé kó fojú ara rẹ̀ rí i ni. Mo fi àṣà yẹn bo ara mi mọ́lẹ̀. Àmọ́ àṣà kọ́ ló kọ lẹ́tà. Èmi ni.

Bàbá rẹ.


Jámánì,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Bàbá,

Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ọ̀fọ̀ oṣù mẹ́ta tí ẹ dá nìkan ṣe.

Àwòrán náà jáde. Mo ní kí n sọ fún yín, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun lẹ fi ìyá mi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó mọ́ kedere. Òkòtó mi ń yí, mo rí ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, mo rí ibi tó ti ń kọsẹ̀. Ọ̀gá mi ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo wo àwòrán náà bí ẹni tó ń wo ògiri.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìgbà tí a ya èyí tó dára jù? Ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé. Lẹ́yìn tí mo ti wo ẹ̀yìn fọ́tò. Kí lẹ rò pé mi ò mọ̀? Bí Ràfátù ṣe sunkún ni mo ti mọ̀. Mo nu ojú, mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo sì ń wá òòfà mi rí ní ọjọ́ méjì yẹn. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, Bàbá. Ṣé ẹ gbọ́? Kò gbọ̀n rárá! Ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ẹ pinnu pé bí mo bá gbọ́, màá mì. Ẹ ò bi mí. Ẹ bímọ, ẹ ò sì mọ irú ọmọ tí ẹ bí.

Ìwé ìgbélùú mi ti jáde láti ìparí oṣù keje. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá ti wálé lóṣù kẹjọ, ǹ bá fojú kan ìyá mi, ǹ bá sin wọ́n, kí n padà wá ṣiṣẹ́ mi. Méjèèjì ni ǹ bá ní. Mo wá ń pariwo lórí fọ́tò ọdún márùn-ún pé ẹnu wọn kò wọ́ mọ́. Ẹ kà á, ẹ dákẹ́.

Mo ti fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kẹwàá. Ta ni mo fẹ́ wá wò?

Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí.


Èsìẹ́,
8/12/2024.

Ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ. Mo kà á fún un pẹ̀lú. Ohun tí o sọ tọ́ sí mi, mi ò ní àwíjàre.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tó kan kí ọmọ da yẹ̀pẹ̀, kò sí ọmọ. Pásítọ̀ ní kí n bá ọ dà á. Mo kọ̀. Wọ́n ní kí Fulera dà á, ó ṣáà tọ́jú rẹ̀. Mo kọ̀. Mo ní ọmọ rẹ̀ kò kú, yóò wá dà á fúnra rẹ̀. Nígbà tí Jímọ́ọ̀ bíríkìlà wá rẹ́ ojú sàréè náà, mo ní kó fi apá orí sílẹ̀, ibi tó tó abọ́ kan péré, kó má fi simẹ́ńtì kàn án.

Ibẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀. Òjò oṣù kẹsàn-án ń wú u, mo ń fọwọ́ kó yẹ̀pẹ̀ padà sí i. Ọyẹ́ ti dé báyìí, ó ti ń sán. Ewúrẹ́ ń fi ẹsẹ̀ wà á. Àwọn alàgbà wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní a kì í fi ojú sàréè sílẹ̀ láìdí bẹ́ẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́rin. Wọ́n fẹ́ kí Jímọ́ọ̀ wá dí i ní ọjọ́ kọkànlélógún. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Agbára tí mo fi ń sọ ọ́ kò pọ̀ mọ́.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Mi ò ní kí o bá mi sọ̀rọ̀, etí mi kò kúkú gbọ́. Ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ kan ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún, kì í ṣe nítorí tèmi.

Mi ò kọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ sí ìdí lẹ́tà yìí. O ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ,
Jòhánù.


Jámánì,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejìlá, ọdún 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọyẹ́.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni màá dé Èsìẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má wá pàdé mi. Inú ṣì ń bí mi sí yín, mi ò sì mọ ọjọ́ tí yóò tán. Ẹ má pa adìyẹ, ẹ má pe ará ìjọ jọ. Ẹ sọ fún Jímọ́ọ̀ pé kó má tíì po simẹ́ńtì. Ẹ máa lé ewúrẹ́.

Mo mọ̀ pé abẹ́ igi ọsàn lẹ máa gbé lẹ́tà yìí lọ. Bí ẹ bá ń kà á fún Màmá, ẹ má sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Láti Ọjọ́bọ̀ tí mo wo ẹ̀yìn fọ́tò yẹn, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn.

Ọmọ yín,
Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí.